Ìjọ wa ní Houston fẹ́ lọ bẹ àwọn ọmọ aláìlóbìí wò ní Ùgáńdà: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ÌyáTàíwò_Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín.

Ìjọ wa níbí fẹ́ rán àwọn èèyàn lọ sí ìrìn-àjò míṣọ̀n ní oṣù keje. Ìlú Jinja ní Ùgáńdà la ń lọ, sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan tí páásítọ̀ wa mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Àwa 14 la ti forúkọ sílẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san $2,800. Tíkẹ́ẹ̀tì, ibùsùn àti oúnjẹ ló wà nínú ẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan la máa lò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà. A fẹ́ kọ́ wọn ní Bíbélì àti orin, ká bá wọn ṣeré, kí àwọn nọ́ọ̀sì inú wa yẹ ara àwọn ọmọ náà wò, kí àwọn ọkùnrin sì kun ilé ìjẹun wọn lọ́dà. Àtìgbà Kérésì ni àwọn obìnrin ìjọ ti ń rán aṣọ fún àwọn ọmọbìnrin. Ìdòwú mi, ọmọ ọdún 16, wà lára àwọn tó ń lọ.

Inú mi dùn sí i gan-an. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rán mi ní irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ti lọ rí, tàbí tó mọ Ùgáńdà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká mú dání? Abẹ́rẹ́ wo ni ká gbà? Báwo la ṣe máa ṣe láàárín àwọn ọmọ náà tí a ò fi ní ṣe ohun tí kò yẹ?

Nọ́ọ̀sìDallas

Ẹ kú ìmúra o, mọ̀mí. Ti ìlera ni mo lè sọ.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó wọ bàálù, kí ẹ sì mú yẹ́lò káàdì yín lọ́wọ́, torí wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Entebbe. Ẹ gba oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà ẹ̀fọn mú èèyàn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Èkó ni wọ́n bí òun sí o. Ara tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà ti gbàgbé bó ṣe ń bá ibà jà, mo ti tọ́jú ọ̀pọ̀ wa tó ti Nàìjíríà dé tí wọ́n dùbúlẹ̀ aìsàn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti máa gba fíísà, $50 ni wọ́n ń gbà fún ẹni tó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ tún sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bá yín lọ pé ìwé àṣẹ Texas kì í ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà. Àjọ tó ń rí sí nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún wọn láṣẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn tàbí kí wọ́n fún ọmọ lóògùn.

Ará_Peckham

Ọlọ́run á ṣíwájú yín o. Jákọ́bù orí 1 ẹsẹ 27 ni iṣẹ́ yìí: láti máa bojú tó àwọn aláìníbaba àti àwọn opó nínú ìpọ́njú wọn. Ẹ mú bọ́ọ̀lù dání, kò sí ọmọ tí kì í fẹ́ bọ́ọ̀lù.

Wẹ́fíà_Ìbàdàn

Ìyá Táíwò, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, torí mo rí i pé ìfẹ́ ló ń gbé yín lọ. Iṣẹ́ wẹ́fíà ni mò ń ṣe níbí. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí ni mò ń jí bá láràárọ̀.

Kí ẹ tó béèrè ohun tí ẹ máa mú dání, ẹ béèrè òbí àwọn ọmọ yẹn. Ta ni wọ́n, níbo ni wọ́n sì wà?

Káàkiri ayé, nínú ọmọ márùn-ún tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, ó kéré tán mẹ́rin ló ní ìyá tàbí bàbá tó ṣì wà láàyè. Àjọ Save the Children ti gbé e jáde láti 2009. Nígbà tí ìjọba Gánà yẹ àwọn ilé tiwọn wò lẹ́yìn 2006, nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe aláìlóbìí, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ilé náà ò sì ní ìwé àṣẹ. Ní Ùgáńdà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ilé ọmọ aláìlóbìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí àrùn éèdì ń pa òbí lọ rẹpẹtẹ. Láàárín ogún ọdún, wọ́n di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹ rántí pé àárín ogún ọdún yẹn náà ni oògùn éèdì dé ọ̀dọ̀ àwọn tálákà, pàápàá lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò PEPFAR ní 2003, tí àwọn òbí tí ìbá kú sì ń yè. Ikú òbí ń dín kù, ilé ọmọ aláìlóbìí ń pọ̀ sí i. Kí ló fà á?

Owó ló fà á. Iye ọmọ tó wà nínú ilé ni owó òkè òkun ń wò. Ilé tó ní ọgọ́ta ọmọ ń rí owó ju ilé tó ní ogún lọ, ilé tó bá sì dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀ ti pàdánù ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ lórí ọmọ yẹn. Nítorí náà, àwọn kan á lọ sí abúlé, wọ́n á bá opó tó ní ọmọ márùn-ún, wọ́n á ní, "Ẹ fún wa ní méjì. Á lọ síléèwé, á máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, á gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì." Ìyá yẹn ò kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ o. Iléèwé ló rò pé òun fi í sí.

Ọ̀rọ̀ dídì mọ́ àlejò náà ńkọ́? Àwọn tó lọ máa ń padà wá sọ pé, "Bí a ṣe dé, gbogbo wọn sáré wá dì mọ́ wa, wọn ò fẹ́ ká lọ." Ọmọ tí ẹnì kan ń tọ́ dáadáa, tí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ìró ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sá sí, á máa yọjú wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá fò mọ́ ẹni tí kò rí rí, tó sì fẹ́ bá a lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbé e jó tí wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tiyín, ìjọ mìíràn á dé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń sunkún ó-dàbọ̀ lọ́jọ́ ẹtì, òun náà ń sunkún, ṣùgbọ́n òun ló máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ajé.

Akin_Leeds

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ẹ̀gbọ́n Wẹ́fíà, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Irú ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn ká ọwọ́ wọn sí àpò. Ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan ti rí àwáwí. Ọmọ ń pebi lónìí, ẹ ń sọ̀rọ̀ òbí. George Müller ńkọ́? Ọkùnrin yẹn ò ní kọ́bọ̀, àdúrà ló fi kọ́ ilé fún àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Bristol, ó sì tọ́ ju ẹgbàárùn-ún ọmọ lọ. Ṣé òun náà ṣe ibi ni? Ìyá Táíwò, ẹ lọ o. Ẹni tó bá fojú rí ló máa ń fọwọ́ ṣe.

Alàgbà_Abẹ́òkúta

Akin ọmọ mi, o kú ìtara. Müller ṣe rere, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ka ìtàn rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1836, ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú pátápátá nìkan ló ń gbà. Àwọn tó jogún iṣẹ́ rẹ̀ sì ta àwọn ilé ńláńlá orí Ashley Down ní 1958, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí ilé kéékèèké tó jọ ilé ẹbí, torí wọ́n ti rí i pé ilé tó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ kò lè tọ́ wọn bí ẹbí ṣe ń tọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sílé. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí ọmọ Òṣogùn lẹ́rú. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, àwọn míṣọ́nnárì sì gbà á tọ́, wọ́n fi í síléèwé. Òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Lójú ẹnikẹ́ni tó bá rí i ní Freetown lọ́jọ́ náà, ọmọ tí kò lẹ́nìkan láyé ni. Ṣùgbọ́n Àfálà ìyá rẹ̀ wà láàyè! Ní 1846, níbí ní Abẹ́òkúta, ìyá àti ọmọ tún fojú kanra lẹ́yìn ọdún 25. Wọ́n di ara wọn mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn míṣọ́nnárì yẹn ò jí i gbé, inú ogun ni wọ́n ti yọ ọ́, mi ò fi wọ́n wé ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé lónìí tí kò sí ogun láàárín Jinja àti abúlé tí ìyá ọmọ wà, tí èèyàn lè gun ọ̀kadà débẹ̀, ìyá àti ọmọ ṣì ń wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwa onígbàgbọ́ sì ń san owó rẹ̀.

Ará Peckham, ẹsẹ Bíbélì tí o mú wá, kà á dáadáa. Aláìníbaba àti opó ló so pọ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ọmọbìnrin_tó_rántí

Mi ò kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí. Ilé ọmọ aláìlóbìí ni mo dàgbà sí, nílẹ̀ Yorùbá wa yìí. Mi ò ní dárúkọ ilé náà tàbí ìlú náà, torí àwọn kan tó tọ́jú mi níbẹ̀ ṣì wà láàyè, wọ́n sì gbìyànjú.

Ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀, wọ́n á jí wa kí ilẹ̀ tó mọ́. A ó wẹ̀, wọ́n á fi òróró pa wá lára, a ó wọ aṣọ tó dáa, èyí tí wọ́n máa gbà padà nírọ̀lẹ́. Orin kan wà tí a máa ń kọ. Àwa ọmọ mọ ìlà tí omi máa ń bọ́ lójú àwọn àlejò, a sì máa ń wo ojú wọn tí a bá ti fẹ́ débẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìrẹsì, bisikíìtì, súìtì, fótò. Àwọn mìíràn wá ṣe ọjọ́ ìbí wọn lọ́dọ̀ wa, wọ́n á gé kéèkì, a ó kọrin fún ọmọ wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ ìbí tiwa.

Obìnrin kan wà tó gbé mi sẹ́sẹ̀ títí ìsìn fi parí. Ó ní òun máa padà wá rí mi. Mo ń retí rẹ̀. Gbogbo mọ́tò tó bá dúró lẹ́nu géètì ni mò ń sáré lọ wò. Nígbà tí kò dé, mo rò pé nǹkan tí mo ṣe ló bí i nínú.

Ìyá mi wà láàyè ní gbogbo ìgbà yẹn. Bàbá mi ló kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì lé ìyá mi jáde nílé. Fùfú ló ń tà ní ìlú kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ó ń wá wò mí nígbà tó bá rówó ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé kó má wá lọ́jọ́ tí àlejò bá wà, torí àwọn àlejò ò gbọ́dọ̀ rí i. Owó yàrá kan àti owó ìwé ló sọ mí di ọmọ aláìlóbìí. Ohun tí wọ́n ń ná lórí ìrẹsì, kánópì àti ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìyá mi ìbá fi gbé mi dàgbà fún ìgbà pípẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá. Ìrẹsì wọn, a jẹ ẹ́, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan tó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ta ni ìyá ẹ?"

Ará_Peckham

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Ọlọ́run á bá wa dá ìyá yín sí.

Ọmọbìnrin_tó_rántí

Àmín o. Ó wà, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí.

ÌyáTàíwò_Houston

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo gbé e fún Ìdòwú kó kà á, a ò tètè sùn lálẹ́ àná. Opó ni ìyá tó bí mi náà. Bí kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó san owó iléèwé wa, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọn ìbá kó èmi náà sí.

Ṣùgbọ́n ẹ gba ọ̀rọ̀ rò fún mi. A ti san owó díẹ̀ sílẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Aṣọ ti kún yàrá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá dìde lọ́jọ́ ìsinmi pé kí a má lọ mọ́, wọ́n á ní ẹ̀mí ìrẹ̀wẹ̀sì ti wọ inú mi. Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ̀ bóyá ilé kan dáa? Ṣé gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀ ni?

Tíṣà_Croydon

Kékeré ni tèmi. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wá ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé DBS tó fi hàn pé kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn. Kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá, kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ya fótò láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Bí àjèjì 14 bá dé láti òkè òkun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ọmọdé, géètì la ti máa dá wọn padà. Ọmọ Ùgáńdà yẹ fún irú ààbò kan náà. Àwọn oníwà ìbàjẹ́ mọ̀ pé ní irú ilé wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé lọ́wọ́ àwọn.

Fótò tí ẹ bá sì gbé sórí Facebook lónìí, ọmọ náà á dàgbà bá a níbẹ̀: orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀, àti "ọmọ aláìlóbìí" lábẹ́ rẹ̀.

Lékè_Kampala

Ẹ kú ìjíròrò o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Kampala, iṣẹ́ tẹlifóònù ló gbé mi wá, ibí ni mo ti gbéyàwó, ọmọ Busoga ni ìyàwó mi. Jinja ni ilé àna mi.

Ìyá Táíwò, kì í ṣe gbogbo ilé ló burú. Òfin wà. Láti 2013 ni ìlànà ti wà pé ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì, kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní probation officer mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀, kí kóòtù sì fọwọ́ sí i. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa wá ẹbí ọmọ náà kí wọ́n lè dá a padà. Ní 2016 ni wọ́n tún òfin ọmọdé ṣe, tí wọ́n ní àjèjì tó bá fẹ́ gba ọmọ tọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ní Ùgáńdà fún ọdún kan pẹ̀lú ọmọ náà, torí àwọn kan ti ń kó ọmọ olómọ lọ. Ilé tó bá ń tẹ̀ lé òfin á fi ìwé rẹ̀ hàn yín tayọ̀tayọ̀. Èyí tó bá ń bínú nígbà tí ẹ béèrè, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ẹ tún wo ibi tí àwọn ilé yìí pọ̀ sí. Jinja dùn ún gbé: ibẹ̀ ni odò Náílì ti ń jáde látinú adágún Victoria, òtẹ́ẹ̀lì wà, ọkọ̀ ojú omi wà fún ìgbafẹ́, ọ̀nà láti Kampala kò burú. Abúlé tí ìyà pọ̀ sí jù, tí mọ́tò ò ti lè dé nígbà òjò, ẹ ò lè rí ilé ọmọ aláìlóbìí tó ń gba àlejò níbẹ̀.

Kí ló ń mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí níbí? Iléèwé ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Láti 1997 ni ìjọba ti ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n yunifọ́ọ̀mù, ìwé, àti oúnjẹ ọ̀sán, òbí ló ń wá a. Ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́fà (jjajja ni wọ́n ń pè wọ́n níbí, wọ́n sì pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ) kò lè rí i san fún gbogbo wọn. Ibi yẹn gan-an ni alárinà ti ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọ aláìlóbìí lọ́wọ́ ní Ùgáńdà, kó wá ìyá àgbà yẹn rí. Ìjọ wà ní abúlé rẹ̀, páásítọ̀ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n, alága LC1, ìyẹn ìgbìmọ̀ abúlé, mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣírò o: ènìyàn 14 ní $2,800 jẹ́ $39,200. Mi ò fẹ́ dárúkọ iye ọmọ tí owó yẹn máa rán lọ síléèwé, torí ó yàtọ̀ láti abúlé dé abúlé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ ọ́ létí ìyá ìyàwó mi, ó máa jókòó sílẹ̀.

Akin_Leeds

Mo ti gbọ́, ọ̀rọ̀ arábìnrin yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn lórí nǹkan méjì. Èkíní, ọmọ tí kò lẹ́nìkan rárá ńkọ́? Èyí tí wọ́n jù sẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, èyí tó yarọ tí ẹbí rẹ̀ sì fi pa mọ́? Èkejì, ọ̀rọ̀ owó. Ẹ ń sọ pé kí wọ́n fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Àwọn ará ìjọ ò ní dá owó yẹn bí wọn ò bá lọ! Gbogbo wa mọ̀ bó ṣe ń rí.

Wẹ́fíà_Ìbàdàn

Ìbéèrè gidi nìyẹn, Akin. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, mo ń rí wọn. Ọmọ tuntun tí wọ́n gbé sílẹ̀ ní láti rí ibi sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé tó dáa sì lè gbà á fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé ló yẹ kó gbẹ̀yìn sí. Ní Rùwáńdà, lẹ́yìn gbogbo ohun tójú wọn rí ní 1994, ìjọba ka àwọn ilé náà ní 2012: ilé 33, ọmọ 3,323. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà fún ẹbí. Fún àwọn tí kò lẹ́bí, wọ́n wá tọkọtaya tó gbà láti tọ́ wọn, wọ́n kọ́ wọn, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò. Malayika Murinzi ni wọ́n ń pe irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ilé náà ló ti tì. Orílẹ̀-èdè tí kò lówó tó tiwa ló ṣe èyí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìdílé ni ohun tí wọ́n rí ní Bucharest ní Rùmáníà. Láti 2000, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé ọmọ 136 tó ń gbé ilé ìtọ́jú. Wọ́n fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ àwọn òbí agbàtọ́. Àwọn tó rí ìdílé já fáfá ju àwọn tó kù lọ, pàápàá àwọn tó débẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún méjì. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní oúnjẹ àti bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹnì kan pàtó tó jẹ́ ti ọmọ náà.

Àwọn Yorùbá ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Igba yẹn mọ orúkọ ọmọ náà, wọ́n sì wà ládùúgbò rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Páásítọ̀_Atlanta

Ẹ jẹ́ kí n dá Akin lóhùn lórí owó, torí èmi náà ti darí irú ìrìn-àjò yìí fún ìjọ wa. Ohun tó sọ jẹ́ òtítọ́: èèyàn máa ń dáwó sí ohun tó bá fojú rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù ṣe ṣe é nígbà tí àwọn ará ní Jerúsálẹ́mù wà nínú àìní. Ó gba owó jọ láti Makedóníà àti Kọ́ríńtì. Nínú 1 Kọ́ríńtì 16, ó ní kí wọ́n yan àwọn tí wọ́n fọkàn tán láti gbé e lọ. Ìjọ Kọ́ríńtì ò dìde lọ wo àwọn aláìní náà.

Àbá mi, Ìyá Táíwò: kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ, àgbàlagbà tó mọ ìṣirò àti ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Kí wọ́n bá àwọn páásítọ̀ abúlé, àwọn opó àti òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó. Nọ́ọ̀sì yín lè bá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá pè é. Kí wọ́n padà wá ròyìn fún ìjọ: iye opó, iye ọmọ, ohun tí a ná. A ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìjọ wa. Àwọn ọ̀dọ́ kan bínú, ìdílé kan tiẹ̀ fi wá sílẹ̀. Owó tí à ń fi ránṣẹ́ ò dín kù.

Nọ́ọ̀sìDallas

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un fún Ìdòwú àti àwọn ọ̀dọ́ yòókù. Ní Texas níbí, àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ ìjọba tí wọ́n ń wá òbí agbàtọ́ fún. Ilé ìjọ mélòó ló ti gba ọ̀kan? Bí ẹ̀mí àtiran ọmọ lọ́wọ́ bá wà nínú wa, Houston ò jìnnà.

ÌyáTàíwò_Houston

Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ibi o. A ti ṣe ìpàdé, mo sì ka ọ̀rọ̀ yín síta, títí kan ti arábìnrin wa, tó fún mi láyè láti kà á. Kò rọrùn. Obìnrin kan tó ti rán ọ̀pọ̀ aṣọ dìde jáde. Ṣùgbọ́n páásítọ̀ wa dákẹ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní ká kọ lẹ́tà sí ilé náà kí a tó san owó tó kù. Mo ti kọ ọ́ báyìí: ṣé wọ́n ní ìwé àṣẹ, kí ni nọ́ńbà rẹ̀? Ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀, mélòó ló ní ìyá, bàbá tàbí ìyá àgbà tó wà láàyè? Mélòó ni wọ́n dá padà sílé lọ́dún tó kọjá? Ta ló ń yẹ àlejò wò? Bí a bá fi owó wa ran ẹbí ọmọ lọ́wọ́ dípò ilé náà, ṣé wọ́n á gbà láti bá wa ṣe é? Ẹ bá mi wò ó, kí ló kù?

Ẹ sì sọ fún mi nípa àwọn aṣọ náà.

Ọmọbìnrin_tó_rántí

Ẹ béèrè ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá, àti bóyá wọ́n lè wá lọ́jọ́ tí ẹ bá wà níbẹ̀.

Lékè_Kampala

Mo gbà á pé kí ẹ fi ti arábìnrin wa sí òkè lẹ́tà náà.

Ní ti aṣọ, ẹ fi èyí tí ẹ ti rán ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ abúlé, kí wọ́n pín in fún ìyá ọmọ, kí ìyá wọ̀ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rán òmíràn mọ́. Télọ̀ kún Jinja, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn tọ́ ọmọ. Yunifọ́ọ̀mù iléèwé ni kí ẹ gbé fún wọn rán, ẹ ti ran ilé méjì lọ́wọ́ nìyẹn.

Bí ilé náà bá fi nọ́ńbà ìwé àṣẹ ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Jinja níparí oṣù yìí. A máa yà sí ọ́fíìsì probation, a máa béèrè bóyá wọ́n mọ ilé náà, màá sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ fún yín níbí.